Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ-dúró-ná

Ọjọ́ tí Netsai Zvarevashe kọ́kọ́ pàdé Ọ̀jọ̀gbọ́n Tafirenyika Mukanganwi, fíríìjì kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Fíríìjì náà ga, ó funfun, àwọn ará òkè òkun ló fi ta ilé ìwádìí lọ́rẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbá a mọ́ra bí ọkọ tuntun ṣe ń gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra, ayàwòrán sì ń yà á lọ́tùn-ún lósì.

Netsai mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó rọra pàtẹ́wọ́ bí obìnrin Harare ṣe ń kí àgbà.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni wọ́n gbà sí yàrá àyẹ̀wò, pé kí n wá máa..."

"Ẹ dúró ná," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Kò wẹ̀yìn. "Shepherd, ṣé táì mi wà láàárín? Ya ọ̀kan sí i níbi tí mo ti ń ronú."

Ó fi ìka kan ti àgbọ̀n, ó wá ń wo inú fíríìjì òfìfo náà bí ẹni tó rí ọjọ́ ọ̀la gbogbo Áfíríkà níbẹ̀. Netsai dúró fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Ó mọ iye rẹ̀ dájú nítorí pé ó wo aago, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni. Nílé rẹ̀, ṣíbí tó gùn kì í bá ṣíbí kúkúrú sùn.

Nílé ìwádìí náà, kò sẹ́ni tí í pe Ọ̀jọ̀gbọ́n ní orúkọ. Lójú rẹ̀, "Chirandu" ni, oríkì àwọn ìdílé Moyo, àwọn ọmọ ọkàn, tí kì í fi ẹnu kan ọkàn ẹran. Ó fẹ́ kí wọ́n fi oríkì kí òun kí wọ́n tó kí òun ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí wọ́n kí òun ní Ọ̀jọ̀gbọ́n kí wọ́n tó kí òun ní Dókítà, kí wọ́n sì kí òun ní Dókítà kí wọ́n tó sọ fún òun pé iná ń jó ilé.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, Ẹ-dúró-ná ni. Ẹ-dúró-ná, ọkọ kámẹ́rà! Ẹ-dúró-ná, a-rẹ́rìn-ín-sí-iná-fọ́tò-bí-ẹni-rí-àna-rere! Ẹ-dúró-ná tó to lẹ́tà síwájú orúkọ, tó to lẹ́tà sẹ́yìn orúkọ, títí orúkọ fúnra rẹ̀ kò fi ríbi jókòó!

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà tó ti inú ọkàn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ikùn. Lára àwọn àgbàlagbà kan, pàápàá àwọn tó ti fa sìgá pẹ́, ògiri òpó yìí a máa fẹ́lẹ́, a sì yọ kókó bí rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tó ti gbó. Kì í sábà dunni. Ènìyàn a gbé e rìn kiri, a jẹ sadza, ọkà àgbàdo rẹ̀, a jó níbi ìgbéyàwó, títí ọjọ́ tí kókó náà bá bẹ́. Ẹni tó bá bẹ́ sí lára kì í sábà rí ọjọ́ kejì.

Kí ló ń mú ògiri náà fẹ́lẹ́? Ó kan àwọn jíìnì, àwọn ìtọ́ni kéékèèké tí ìyá àti bàbá kó sí wa lára. Gbogbo jíìnì kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀, àwọn kan dákẹ́, èyí tó bá sì sọ̀rọ̀ ni ara ń ṣe ohun tó wí. Bí àwọn tí ń tún ògiri mọ bá dákẹ́, tí àwọn tí ń wó o wá gbẹ́nu sókè, wàhálà dé. Àwọn ènìyàn wà káàkiri ayé tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é pẹ̀lú sùúrù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mukanganwi kò ní sùúrù. Ó ní ayàwòrán.

Ó gba ẹ̀jẹ̀ ogójì aláìsàn tí òpó ẹ̀jẹ̀ wọn ti wú, ó gba ti ogójì akẹ́kọ̀ọ́ tí ara wọn le, ó fi wọ́n wéra. Jíìnì méje ń pariwo gèè nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n sì dákẹ́ nínú ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹlòmíràn ìbá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kó tó lanu. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ: Àmì Mukanganwi. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan, àpótí kékeré tí fọ́tò rẹ̀ wà lórí rẹ̀ níbi tó ti ń ronú. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sí i, lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ á pe iye kan láti òdo dé mẹ́wàá. Bó bá lọ sókè, kókó náà ti fẹ́ bẹ́. Bó bá wà nísàlẹ̀, jíìnì dákẹ́, kí onítọ̀hún máa lọ sílé, kò nílò iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni iléeṣẹ́ abánigbófò kan ní Johannesburg gbọ́ tí inú wọn dùn. Iṣẹ́ abẹ wọ́n. Àpótí kò wọ́n. Wọ́n ní àwọn yóò ra ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti lọ wo ilẹ̀ tí yóò kọ́lé sí ní Borrowdale, àdúgbò àwọn olówó, ó sì ti ya fọ́tò pẹ̀lú koríko ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan Netsai ni ara Sekuru Bhasikiti. Arákùnrin ìyá rẹ̀ ni, òun ló tọ́ ọ dàgbà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì fi wa ọkọ̀ ojú irin láàárín Harare àti Mutare. Nígbà òtútù ọdún náà, ó lọ fi ìnira ẹ̀yìn han dókítà, ni ẹ̀rọ awonú bá rí kókó kan lára òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òpó tí kò yẹ kó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ ti di mẹ́fà àti ààbọ̀. Dókítà Gwatidzo, obìnrin kúkúrú tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nídìí iṣẹ́ abẹ, fi orúkọ rẹ̀ sí Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹwàá.

Àmọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ni alága ìgbìmọ̀ tó ń to orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ó sì ti pàṣẹ pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gba iwájú ẹ̀rọ òun kọjá. Netsai fúnra rẹ̀ ló gba ẹ̀jẹ̀ lápá Sekuru lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti lọ gbá gọ́ọ̀fù, bó ṣe máa ń lọ ní gbogbo Àbámẹ́ta. Kí ènìyàn tó ka ọgọ́ta, ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú yìnyín.

Ẹ̀rọ pe méjì. Wọ́n fagi lé orúkọ Sekuru.

"Méjì kẹ̀?" Dókítà Gwatidzo já wọ yàrá àyẹ̀wò. "Ọkùnrin tí mo fi ọwọ́ mi tẹ kókó nínú ikùn rẹ̀? Netsai, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lo gbà, àbí ti ewúrẹ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, Dókítà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mo mọ̀ pé o kọ ọ́ sílẹ̀. Bí o bá sín, o máa kọ ọ́ sílẹ̀." Ó fi ọwọ́ gba iwájú orí. "Mo ti bá Ẹ-dúró-ná sọ ọ́. Ó ní ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, kí ọ̀bẹ panu mọ́."

Nírọ̀lẹ́, Netsai lọ jíṣẹ́ fún Sekuru. Ó bá a níwájú ilé ní Mbare, ó ń jẹ màpútì, àgbàdo tí wọ́n yan tó bẹ́ funfun.

"Kí ni àwọn jíìnì mi wí?"

"Wọ́n ní wọ́n dákẹ́, Sekuru."

"Wọ́n á dákẹ́. Ìyá rẹ ló kó gbogbo ọ̀rọ̀ ìdílé wa lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó fún un ní màpútì ẹ̀kúnwọ́ kan. Lẹ́yìn náà ló mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ikùn ara rẹ̀. "Ṣùgbọ́n fọwọ́ kàn án. Ṣé èyí ló dákẹ́?"

Nǹkan kan ń lu lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, gìdì, gìdì, gìdì, bí ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè Rusape. Netsai dá màpútì náà padà fún un. Ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí òun fi ọwọ́ òun gbà, tí òun fi gbogbo ìmọ́tótó òun tọ́jú, ni wọ́n fi pa orúkọ Sekuru rẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí Sekuru padà wá, ó tún ẹ̀jẹ̀ gbà lápá kan náà. Ó kàn fẹ́ kí ó dá òun lójú ni. Ìgò náà kò tíì dé inú yìnyín tí ilẹ̀kùn fi ṣí, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, tí Shepherd ayàwòrán tẹ̀ lé e.

"Ìwé ìròyìn kan ní Johannesburg ń fẹ́ fọ́tò. Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn? Gbé e wá."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò tíì wọ yìnyín."

"Ẹ dúró ná."

Ó gbé ẹ̀jẹ̀ Sekuru sókè sí fèrèsé. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló dára jù. Ó wọ ẹ̀wù funfun, ó bọ́ ọ, ó yá awò ojú nọ́ọ̀sì kan wọ̀ kí ojú òun lè jọ ojú ẹni tó kàwé mọ́jú. Ìgbà tí yóò fi dá ìgò padà, wákàtí méjì ti lọ. Netsai kán an sí ẹ̀rọ.

Mẹ́jọ.

Ó jókòó. Ọkùnrin kan náà, apá kan náà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀rọ pe méjì; lọ́jọ́ Ajé, ó pe mẹ́jọ. Kí ló yí padà? Kókó ikùn Sekuru kò lè fi ọjọ́ méjì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ó bá lọ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ńlá rẹ̀, níbi tó máa ń kọ aago tí ẹ̀jẹ̀ kúrò lápá àti aago tó wọ yìnyín sí. Àárín ọ̀sẹ̀ ni gbogbo ogójì aláìsàn wá, kò sì sí ọ̀kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ya fọ́tò, torí àwọn olùrànlọ́wọ́ òkè òkun fẹ́ràn fọ́tò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni gbogbo ogójì akẹ́kọ̀ọ́ wá, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbá gọ́ọ̀fù. Tiwọn wọ yìnyín lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó ti kúrò lára kì í kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú ìgò, nínú ooru, ẹ̀rù á máa bà á, àwọn jíìnì rẹ̀ á máa ké. Àwọn jíìnì méje tí wọ́n sọ lórúkọ Mukanganwi kò mọ nǹkan kan nípa òpó ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ń wí kò ju báyìí lọ: "Ẹ ti fi wá síbí pẹ́ jù!"

Ó gbé ìwé náà, ó lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Fọ́tò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára ògiri, ojú kan náà ló wà nínú gbogbo wọn.

"Chirandu, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà."

"Sọ ọ́ ní ṣókí. Shepherd ń bọ̀."

Ó sọ ọ́ ní ṣókí. Ó fi aago hàn án, ó fi ọjọ́ hàn án, ó fi méjì àti mẹ́jọ hàn án. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ ọ dé òpin, ó sì rẹ́rìn-ín bí bàbá tí ọmọ rẹ̀ ní òun rí ìyẹ́ lára ẹja.

"Netsai, ọwọ́ rẹ dára lẹ́nu ẹ̀jẹ̀ gbígbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó pọn omi kì í bá alásè jiyàn iyọ̀."

"Sà, Sekuru mi ni."

"Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn! Ìbátan ti bo ìmọ̀ lójú. Kìnnìún kì í padà lọ bi ẹ̀lúùlù léèrè pé ṣé ẹran òun jinná."

"Bó bá bẹ́ ńkọ́, sà?"

"Kò ní bẹ́. Ẹ̀rọ mi pe méjì, ẹ̀rọ mi kì í ṣàṣìṣe. Wò ó, òun gan-an ni màá fi han àwọn àlejò Johannesburg lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀: ọkùnrin àkọ́kọ́ tí Àmì Mukanganwi gbà lọ́wọ́ ọ̀bẹ! Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá a padà sábẹ́ ọ̀bẹ? Sọ fún un kó wọ kóòtù."

Netsai jáde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ìfihàn, Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e sì ni ọjọ́ tí Sekuru ìbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀, oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀ ló kàn, Dókítà Gwatidzo sì ti wí fún un tẹ́lẹ̀ pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kókó náà yóò dúró dìgbà náà. Ó pinnu lọ́kàn ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní kí ẹni tó ní ìbéèrè nawọ́, òun yóò nawọ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Iṣẹ́ lè bọ́. Sekuru kò ní bọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Wọ́n pàgọ́ funfun sábẹ́ àwọn igi jakaránda, òdòdó wọn ń já lé àwọn àlejò lórí. Oòrùn oṣù Kẹwàá mú bí ata. Alága ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, Arábìnrin Nomvula Khoza láti iléeṣẹ́ abánigbófò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdéhùn, ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n, Mai Mukanganwi, wà níwájú pẹ̀lú fìlà tó fẹ̀ bí agbòòrùn. Sekuru Bhasikiti wọ kóòtù òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán yanran. Lórí tábìlì, ẹ̀rọ méjì. Lẹ́yìn tábìlì, aṣọ funfun ńlá tí àwòrán yóò máa hàn lórí rẹ̀.

Netsai dúró ti abọ́ yìnyín rẹ̀, ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ apá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde. Kóòtù rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta. "Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì! Kí n tó fi ẹ̀jẹ̀ bàbá arúgbó yìí hàn yín, màá kọ́kọ́ fi hàn yín bí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tó pé ṣe máa ń rí. Ẹ gba tèmi!"

Ó ká apá aṣọ. Àtẹ́wọ́ sọ. Netsai gba ẹ̀jẹ̀ náà, ó wo aago, ó kọ ọ́: aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó na ọwọ́ sí abọ́ yìnyín.

"Ẹ dúró ná! Àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ rí i." Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìgò, ó gbé e sókè, Shepherd bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán.

Ìgbà náà ni Netsai rí ohun tó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ì bá dákẹ́, kó jẹ́ kí oòrùn ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ Netsai láti wo iṣẹ́ tó ń bàjẹ́ kó má sọ̀rọ̀. Ó sún mọ́ etí ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi sínú yìnyín."

"Ẹ dúró ná."

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ó sọ nípa bàtà tí kò ní. Ó sọ nípa bàtà tó wá ní. Aago mẹ́wàá kọjá.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, yìnyín, sà."

"Netsai! Ẹ dúró ná! Òkè kì í yà fún ẹ̀fúùfù!"

Ó sọ nípa àwọn ọ̀tá rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ìgò na aṣọ funfun, ó fi na ojú ọ̀run, ó gbé e kalẹ̀ sínú oòrùn níwájú rẹ̀ kó lè fi ọwọ́ méjèèjì júwe ara rẹ̀. Alága ilé ìwòsàn ti sùn. Nígbà tí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Netsai tún bẹ̀ ẹ́ nígbà kẹta, ó sì tún kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ Sekuru ní wàràwàrà, kò rí àyè fọ́tò, torí ebi ti ń pa Shepherd. Wọ́n kán ti Ọ̀jọ̀gbọ́n sí ẹ̀rọ kan, wọ́n kán ti Sekuru sí èkejì, gbogbo ènìyàn lọ mu tíì.

Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ti Sekuru ló kọ́kọ́ yọ lórí aṣọ funfun. Ẹyọ kan.

"Ẹyọ kan!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ké. "Ẹ wò ó! Jíìnì tó dákẹ́ rọ́rọ́ bí ọmọ tó yó! Ọ̀bẹ lọ́wọ́ àwọn kan ń yún wọn láti gé bàbá yìí, ẹ̀rọ mi ní rárá! Ẹ̀rọ mi kì í purọ́, ẹ̀rọ mi kì í ṣojúsàájú, ẹni tí ẹ̀rọ mi bá bá wí, kó gbà!"

Ìró kan dún. Iná pupa tàn. Èsì kejì yọ, ó tóbi, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà iwájú àti lẹ́tà ẹ̀yìn.

Mẹ́sàn-án àti ààbọ̀.

Mai Mukanganwi dìde, fìlà rẹ̀ ṣubú. "Yéè! Baba Tinashe! Kókó wà lára yín tí ẹ kò sọ fún mi?"

Dókítà Gwatidzo náà ti dìde níbi tó jókòó sí láàárín àwọn àlejò. Kò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. "Mẹ́sàn-án àti ààbọ̀! Irú rẹ̀ kò tíì wáyé! Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì onítáyà wá! Chirandu, ẹ rọra jókòó, ẹ má wúkọ́!"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí!"

"Bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì méjì ti ti bẹ́ẹ̀dì dé. Ọ̀kan di Ọ̀jọ̀gbọ́n mú ní èjìká, èkejì ń tú bọ́tìnnì kóòtù onípele mẹ́ta náà. Shepherd, ẹni tí wọ́n ti kọ́ pé kó má ṣe dáwọ́ dúró, ń ya gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Arábìnrin Khoza wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "ọ̀kan nínú méjì ni. Bí ẹ̀rọ yín bá sọ òótọ́, kí wọ́n máa gbé yín lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Bó bá purọ́, kí ni mo wá rà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ìwé àdéhùn. "Ẹ̀rọ mi kì í purọ́," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

"Ẹ gbé e!" ni Dókítà Gwatidzo pàṣẹ.

"Ẹ dúró ná!"

Ẹ̀rín bẹ́ láti ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò wà, ó ràn dé iwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n já ara rẹ̀ gbà, kóòtù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òógùn bò ó.

"Ẹ̀yin òpè! Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú oòrùn fún wákàtí méjì! Jíìnì wo ni kò ní pariwo? Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ pàápàá mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí a kò bá tètè fi sínú yìnyín kò ṣeé kà! Gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kó o fi dúró báyẹn, yóò pe mẹ́jọ, yóò pe mẹ́sàn-án! Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú òpó ẹ̀jẹ̀!"

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ọwọ́ kan nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ yìnyín.

"Ìbéèrè kan, sà," ni Netsai wí. "Ẹ̀jẹ̀ àwọn ogójì aláìsàn wa ńkọ́? Báwo ni tiwọn ṣe dúró pẹ́ tó?"

"Jókòó, Netsai!"

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni Arábìnrin Khoza wí.

Netsai ṣí ìwé. Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé. "Aláìsàn kìn-ín-ní, wákàtí kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ìdí: fọ́tò. Aláìsàn kejì, wákàtí méjì. Ìdí: fọ́tò. Aláìsàn kẹta, wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Ìdí: fọ́tò, Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ pààrọ̀ táì..."

"Ta ló ní kó o máa kọ ìyẹn?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Ẹ fọwọ́ sí gbogbo ojú ewé." Ó gbé ìwé náà sókè. Ìbuwọ́lù Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìdajì ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó lọ́, ó wé, ó ní ìrù.

Ẹ̀rín tó bẹ́ lọ́tẹ̀ yìí gbé òdòdó jakaránda nílẹ̀. Alága ilé ìwòsàn, tí oorun ti dá lójú rẹ̀ pátápátá, fi etí táì nu ojú rẹ̀. Arábìnrin Khoza ká ìwé àdéhùn sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sínú àpò, ó sì béèrè bóyá ọkọ̀ òfuurufú ọ̀sán ṣì wà.

Sekuru Bhasikiti ló dá wọn dúró. Ó ti bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí àga.

"Ẹ má tíì lọ. Ṣé wọ́n ní ẹyọ kan ni mo gbà? Dókítà, ẹ gbé ẹ̀rọ tí ń wo inú yẹn wá, kí ẹ wo èmi àti ọ̀gá yìí níwájú gbogbo wọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa ọkọ̀ ojú irin, ojú kì í tì mí."

Wọ́n wo Ọ̀jọ̀gbọ́n, torí Mai Mukanganwi kò gbà kí ó kọ̀. Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, ikùn rẹ̀ síta, ojú rẹ̀ sí òrùlé àgọ́. Òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yọ lórí aṣọ funfun: sẹ̀ǹtímítà méjì, ó gún régé, kò ní àléébù. Ó jọ pé òun nìkan ni ẹ̀yà ara rẹ̀ tí kò wú.

Wọ́n wá wo Sekuru. Àwòrán náà yọ, dúdú, róbótó, ó ń fò sókè ó ń bọ̀ sílẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gbá a. Dókítà Gwatidzo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

"Ó ti di méje," ni ó wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága ilé ìwòsàn dìde, ó béèrè fún ìwé tí wọ́n to orúkọ sí, ó yọ bíírò tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Bhasikiti padà sí Ọjọ́bọ̀. Netsai béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé aago mélòó. Ó ní aago méje àárọ̀. Netsai kọ ọ́ sílẹ̀.

Aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà ni wọ́n gbé Sekuru wọlé, nǹkan bí aago mọ́kànlá ni wọ́n gbé e jáde. Ó jí, ó béèrè omi, ó sì béèrè ẹni tó ń tọ́jú kóòtù òun. Wọ́n kó àwọn ìwé tí ilé ìwádìí ti tẹ̀ jáde nípa Àmì Mukanganwi padà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbà wọ́n gbọ́ mọ́. Netsai àti Dókítà Gwatidzo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun láti orí aláìsàn kìn-ín-ní, wọn kò sì tíì rí nǹkan kan tó yẹ kí wọ́n sọ lórúkọ.

Sekuru wà ní Rusape báyìí, ó ń gbin tòmátò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mukanganwi wà ní Masvingo, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ọdún kìn-ín-ní bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́ Ẹtì.